Paul Lambert: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Ọmọ Skọ́tíláńdì Tó Dì Mọ́ Zidane Ní Munich

Bí ẹ bá dárúkọ Paul Lambert fún ọ̀dọ́ tó ń wo Premier League lónìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Aston Villa tàbí Stoke City ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ìyẹn bó bá rántí ọkùnrin náà rárá. Àwa tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù ṣáájú ọdún 2000, alẹ́ ọjọ́ kan ní Munich la fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ìbéèrè tó sábà máa ń jáde nígbà tí orúkọ rẹ̀ bá wọ àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù ni mo kó jọ síbí.

Ta ni Paul Lambert, níbo ló sì ti wá?

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1969 ni wọ́n bí i ní Glasgow, àmọ́ Linwood, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paisley, ló ti dàgbà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ló gbé Linwood ró láyé ìgbà yẹn. Wọ́n tì í pa lọ́dún 1981, nígbà tí Lambert ṣì kéré, ọ̀pọ̀ ilé ló sì forí fá a. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó sún mọ́ wọn jù ni St Mirren ti Paisley, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tó fi rí ife gbà. Ní 1987, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17, ó wà nínú ikọ̀ St Mirren tó na Dundee United ní 1-0 ní Hampden Park láti gba Scottish Cup. Ian Ferguson ló jẹ góòlù náà lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àkókò kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún mẹ́wàá kọjá kó tó tún fọwọ́ kan ife ńlá mìíràn. Ó lọ sí Motherwell ní 1993, wọ́n sì ṣe ipò kejì lẹ́yìn Rangers ní sáà 1994-95. Agbábọ́ọ̀lù tó dáa ni, gbogbo èèyàn gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ kọjá ẹnu ibodè Skọ́tíláńdì.

Báwo ni agbábọ́ọ̀lù Motherwell ṣe wá dé Borussia Dortmund?

Òfin ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1995, ilé ẹjọ́ àjọ Yúróòpù dá Jean-Marc Bosman láre, wọ́n ní agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ bá ti parí lè lọ sí ẹgbẹ́ tó bá wù ú lórílẹ̀-èdè mìíràn nínú àjọ náà, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń san kọ́bọ̀ lé e lórí. Àdéhùn Lambert pẹ̀lú Motherwell parí ní 1996. Ó kọ́kọ́ lọ dán ara rẹ̀ wò ní PSV Eindhoven, wọn ò mú un. Ó kọrí sí Dortmund, àwọn náà ní kó wá ṣe ìdánwò.

Ẹ ro ó wò ná. Dortmund ló gba líìgì Jámánì ní 1995, àwọn ló tún gbà á ní 1996. Matthias Sammer tó gba Ballon d'Or lọ́dún 1996 wà níbẹ̀. Jürgen Kohler, Andreas Möller, Stefan Reuter àti Paulo Sousa, gbogbo wọn ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún Juventus rí. Àárín àwọn èèyàn báyìí ni ọmọ ọdún 26 láti Motherwell ti lọ so okùn bàtà rẹ̀, tí kò sì gbọ́ èdè wọn. Wọn kì í ṣe àjèjì síra wọn pátápátá ṣá, nítorí Dortmund ti na Motherwell nílé lóko ní UEFA Cup ọdún 1994. Ottmar Hitzfeld tó jẹ́ kóòṣì rí ohun tó ń wá lára rẹ̀, wọ́n sì fún un níwèé àdéhùn.

Ipò wo ló ń gbá gan-an? Mi ò rí góòlù púpọ̀ lórúkọ rẹ̀.

Àárín pápá ni, àmọ́ àárín pápá ò rí bákan náà fún gbogbo èèyàn. Ní Skọ́tíláńdì, ó máa ń bá wọn lọ síwájú dáadáa. Hitzfeld ló fà á sẹ́yìn, tó ní kó dúró síwájú àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn, kó má sì kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ máìgádì ni: kì í ṣe òun ló nilé, kì í ṣe òun ni àlejò wá kí, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa wọlé láì kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń ṣe kì í hàn nínú àkójọ góòlù. Bí Reuter bá sá lọ síwájú lápá ọ̀tún, Lambert ló máa rọra bọ́ sí àlàfo tó fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi orí gbá bọ́ọ̀lù jáde níwájú ilé, òun ló máa kọ́kọ́ débi tó balẹ̀ sí. Tó bá sì ti gbà á, kì í gbé e ṣeré. Sousa tàbí Möller ló máa fún, yóò sì padà sí àyè rẹ̀. Ẹ wo fídíò ìdíje kan tó ti gbá, kí ẹ gbàgbé bọ́ọ̀lù, kí ẹ máa wo òun nìkan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ máa rí i pé kì í sáré ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ ibi tí wàhálà bá ti fẹ́ ṣẹlẹ̀, ó ti ń dúró dè é.

Èrò tèmi ni pé irú agbábọ́ọ̀lù yìí la kì í mọyì títí tó fi máa lọ. Dortmund náà rí i nígbà tó lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Munich ní 1997?

Àṣekágbá Champions League, ìdíje tó ga jù láàárín àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù, ni. Ká kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe débẹ̀. Ní ìpele tó ku ẹgbẹ́ mẹ́jọ, Auxerre ti ilẹ̀ Faransé ni Dortmund pàdé, ẹgbẹ́ tí Taribo West wa ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà náà. Wọ́n lé Auxerre lọ sílé. Ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, Manchester United ti Eric Cantona ló kàn. Dortmund na United ní 1-0 ní Jámánì, wọ́n tún lọ nà wọ́n ní 1-0 ní Old Trafford.

Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1997 ni àṣekágbá, ní Olympiastadion. Juventus ti Marcello Lippi ló di ife mú. Àwọn ará ilé wa kan ò tíì dárí ji Juventus nígbà yẹn, torí pé pẹnáritì ni wọ́n fi gba ife náà lọ́wọ́ Ajax ti Kanu Nwankwo àti Finidi George ní 1996. Wọ́n ní Didier Deschamps, Christian Vieri, Alen Bokšić, wọ́n sì ní Zinédine Zidane. Gbogbo ayé ló gbà pé ife náà kò ní kúrò lọ́wọ́ wọn.

Iṣẹ́ tí Hitzfeld gbé lé Lambert lọ́wọ́ ni Zidane. Kò gbá a nígbàákúùgbà, kò fà á láṣọ títí rẹfirí fi máa lé e jáde. Ọ̀nà tí Zidane ń gbà gba bọ́ọ̀lù ló dí. Zidane fẹ́ràn kó gba bọ́ọ̀lù láàárín àlàfo, kó yí padà, kó sì kọjú sí ilé. Nígbà tó bá fi máa yí padà lálẹ́ ọjọ́ náà, Lambert ti wà níwájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn lọ wá bọ́ọ̀lù, ibi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Góòlù àkọ́kọ́ sì rèé, Lambert ni orísun rẹ̀. Juventus gbá bọ́ọ̀lù kọ́nà kan jáde lábọ̀, ó bọ́ sẹ́sẹ̀ Lambert lápá ọ̀tún, ó gbé e wọ inú padà. Karl-Heinz Riedle fi àyà gbà á, ó sì rọ ọ́ sáwọ̀n. Ìṣẹ́jú 29 nìyẹn. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, Riedle tún fi orí kan òmíràn wọlé láti orí kọ́nà. Lẹ́yìn ìsinmi, Juventus gbóná, bọ́ọ̀lù wọn lu irin ilé, Alessandro Del Piero sì fi gìgísẹ̀ ti ọ̀kan wọlé lọ́nà tó dùn ún wò. Ẹ̀rù ń ba Dortmund wàyí. Hitzfeld bá gbé Lars Ricken wọlé, ọmọ bíbí ìlú Dortmund, ẹni ọdún 20. Ìfọwọ́kàn àkọ́kọ́ tó máa fi kan bọ́ọ̀lù, ọ̀nà jíjìn ló ti gbé e gba orí aṣọ́lé Angelo Peruzzi kọjá. 3-1, ó parí.

Zidane gba Ife Àgbáyé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì fi orí jẹ góòlù méjì ní àṣekágbá. Ẹni tí Lambert dá dúró nìyẹn.

Ṣé òótọ́ ni pé òun ni ọmọ Bìrìtéènì àkọ́kọ́ tó fi ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè gba Champions League?

Bẹ́ẹ̀ ni. Steve McManaman tẹ̀ lé e pẹ̀lú Real Madrid ní 2000.

Kí ló dé tó fi tètè padà sílé, kí ló sì ṣe ní Celtic?

Ọ̀rọ̀ ẹbí ló gbé e padà, kì í ṣe pé Dortmund lé e. Oṣù Kọkànlá ọdún 1997 ló dé Celtic ní Glasgow, ìlú náà sì ń hó lọ́wọ́. Rangers, ọ̀tá Celtic nílùú kan náà, ti gba líìgì lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án tẹ̀ léra, iye kan náà tí Celtic gbà láti 1966 títí dé 1974. Bí Rangers bá gba ẹ̀kẹwàá, àwọn ọmọ wọn ò ní jẹ́ kí ọmọ Celtic kankan sùn mọ́ láyé. Ẹni tí kò bá mọ Glasgow lè rò pé àsọdùn ni.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1998, àwọn méjèèjì pàdé ní Celtic Park. Craig Burley jẹ góòlù kan. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù yí dé ọ̀dọ̀ Lambert lẹ́yìn àpótí, ó sì gbá a bí ẹni tí inú ń bí, ó wọ igun òkè lọ́hùn-ún. Ọkùnrin tí kì í jẹ góòlù, góòlù kan tó jẹ yìí ni àwọn ọmọ Celtic ṣì ń sọ. Celtic gba líìgì ní ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà lábẹ́ Wim Jansen, ẹ̀kẹwàá fò lọ lọ́wọ́ Rangers.

Lábẹ́ Martin O'Neill, Celtic kó ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé ní 2000-01, wọ́n tún gba líìgì ní 2002 àti 2004. Àwọn oníròyìn bọ́ọ̀lù Skọ́tíláńdì yan Lambert ní agbábọ́ọ̀lù ọdún ní 2002. Ó di balógun ẹgbẹ́, òun ló sì ṣáájú wọn lọ sí Seville ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003 fún àṣekágbá UEFA Cup. Henrik Larsson fi orí kan méjì, síbẹ̀ Porto ti José Mourinho borí ní 3-2 nínú àfikún àkókò. Ó dun àwọn ọmọ Celtic wọra títí dòní.

Orílẹ̀-èdè rẹ̀ ńkọ́?

Ìgbà 40 ló gbá bọ́ọ̀lù fún Skọ́tíláńdì, ó sì jẹ góòlù kan. Ó wà nínú ìdíje tó ṣí Ife Àgbáyé 1998, nígbà tí Bùràsílì na Skọ́tíláńdì ní 2-1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Paris. Wọn ò kọjá ìpele àkọ́kọ́.

Níbo ló ti kọ́ iṣẹ́ kóòṣì, ibo ló sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Jámánì ló padà lọ láti gbàwé ẹ̀rí kóòṣì, lọ́dọ̀ àwọn tó sọ ọ́ di èèyàn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni Livingston ní 2005, iṣẹ́ náà ò sì dáa rárá. Ìdíje líìgì méjì péré ni wọ́n ti borí tó fi kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2006.

Wycombe Wanderers ló gbé e dìde. Ìpele kẹrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹgbẹ́ yìí wà nígbà náà, àmọ́ ní sáà 2006-07 wọ́n lọ na Fulham nílé Fulham, wọ́n lọ na Charlton nílé Charlton, Premier League sì làwọn méjèèjì wà. Wọ́n dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá League Cup, níbi tí wọ́n ti pàdé Chelsea ti Mourinho, Mourinho kan náà tó gba ife lọ́wọ́ Lambert ní Seville. Ní pápá kékeré wọn, Adams Park, Jermaine Easter dá góòlù kan padà, wọ́n sì gba ọ̀mì 1-1. Ní Stamford Bridge, Andriy Shevchenko jẹ méjì, Frank Lampard jẹ méjì, ọ̀rọ̀ parí. Wycombe kò gòkè ní 2008, Lambert sì lọ. Colchester United gbà á ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn.

Kí ni ìtàn 7-1 tí wọ́n máa ń sọ yẹn?

Ìtàn tó dùn jù nínú ìgbésí ayé rẹ̀ bíi kóòṣì nìyí. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú sáà. Norwich City ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ sí League One, ìyẹn ìpele kẹta, wọ́n ń retí pé ọdún kan làwọn máa lò níbẹ̀. Colchester ti Lambert ló wá kí wọn ní Carrow Road, èèyàn tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún lọ sì jókòó síbẹ̀. Kí wọ́n tó lọ sinmi, Colchester ti jẹ márùn-ún. Àwọn alátìlẹ́yìn kan wọ inú pápá, wọ́n lọ ju ìwé ìwọlé ọdún wọn lu kóòṣì wọn, Bryan Gunn. Michael Theoklitos tó ń ṣọ́lé fún Norwich ń gbá ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ fún wọn ní líìgì. Òun náà ló jẹ́ ìkẹyìn. Nígbà tí rẹfirí fi máa fọn fèrè, 7-1 ló wà lára ògiri.

Norwich lé Gunn lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ta ni wọ́n wá lọ mú? Ẹni tó nà wọ́n. Colchester bínú gidi, ọ̀rọ̀ owó ìtanràn sì fa ìjà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Nígbà tí Lambert kó Norwich lọ sí Colchester ní oṣù Kìíní ọdún 2010, nínú ẹrọ̀fọ̀ àti òjò, 5-0 ni Norwich fi gbẹ̀san.

Báwo ló ṣe gbé Norwich dé Premier League?

Ọdún méjì péré ló lò. Ó yá Fraser Forster láti Newcastle wá ṣọ́lé. Ó to àárín pápá rẹ̀ bíi dáyámọ́ńdì, ó fi Wes Hoolahan, ọmọ Áyálándì kúkúrú tí bọ́ọ̀lù ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, sí ṣóńṣó rẹ̀. Grant Holt wà níwájú, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tí wọ́n rà láti Shrewsbury, tí kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Norwich gba League One pẹ̀lú àmì 95 ní 2010, wọ́n ṣe ipò kejì ní Championship, ìpele tó tẹ̀ lé Premier League, ní 2011.

Sáà 2010-11 yẹn náà ni wọ́n na Ipswich, ọ̀tá wọn àtayébáyé, ní 4-1 nílé, tí wọ́n tún lọ nà wọ́n ní 5-1 lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ Ipswich yìí sọ́kàn. Ní Premier League, ipò 12 ni Norwich wà ní 2012, Holt sì jẹ góòlù 15.

Ohun tí mo fẹ́ràn nípa ikọ̀ yẹn ni pé wọn kì í gbà pé bọ́ọ̀lù ti parí. Ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ni wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ àmì wọn. Lambert kì í bẹ̀rù láti da gbogbo ètò rẹ̀ nù nígbà tí ìdíje ń lọ lọ́wọ́, kó gbé ẹlòmíràn síwájú, kó yí ipò ẹni mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú sùúrù, kóòṣì tó ń ta tẹ́tẹ́ ló dà.

Kí ló bà á jẹ́ ní Aston Villa?

Owó ló bà á jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Villa ń dín ìnáwó kù nígbà tó débẹ̀ ní 2012, wọ́n ní kó máa lo ọ̀dọ́. Ó pa àwọn àgbà tí owó oṣù wọn pọ̀ tì, Darren Bent wà lára wọn. Ó ra Christian Benteke láti Genk, Benteke sì jẹ góòlù 19 ní líìgì ní sáà àkọ́kọ́. Láìsí i, Villa ì bá já bọ́. Ó kù ọjọ́ méjì sí Kérésìmesì ọdún 2012, Chelsea na àwọn ọmọ náà ní 8-0. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Bradford City, tó wà ní ìpele kẹrin bíi Wycombe ọjọ́sí, lé Villa kúrò nínú League Cup lẹ́nu ọ̀nà àṣekágbá. Ohun tí Lambert fẹ́ ṣe fún Chelsea nígbà kan, òun ni wọ́n ṣe fún un.

Ipò 15 ni wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù Kẹsàn-án 2014, wọ́n fún un ní àdéhùn tuntun. Ní oṣù Kejì 2015, wọ́n lé e. Góòlù 12 ni Villa ti jẹ nínú ìdíje líìgì 25. Kò sí kóòṣì tí irú ìyẹn kò ní lé lọ.

Mo gbọ́ pé ipasẹ̀ Martin O'Neill ló ń tọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ kà á fúnra yín: O'Neill ti ṣe kóòṣì Wycombe, Norwich àti Aston Villa. Lambert náà ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ìtòtẹ̀léra kan náà.

Lẹ́yìn Villa ńkọ́, kí ló sì gbé e dé Ipswich?

Blackburn ní oṣù Kọkànlá 2015, Wolves ní oṣù Kọkànlá 2016, Stoke ní oṣù Kìíní 2018, Ipswich ní oṣù Kẹwàá 2018. Ẹ wo àwọn oṣù yẹn dáadáa. Kò sí ọ̀kan tó gbà ṣáájú kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ilé tó ti ń jó ni wọ́n máa ń pè é sí, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn rà ló sì máa ń bá níbẹ̀. Ní Norwich, ó dé nígbà tí sáà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì ráyè to ilé bó ṣe wù ú. Nítorí náà, mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ní oríire lásán ni Norwich. Mi ò sì gbà pẹ̀lú àwọn tó ní wọ́n kàn ń rẹ́ ẹ jẹ, torí òun náà ló ń gba iṣẹ́ wọ̀nyẹn.

Ayọ̀ kan wà níbẹ̀ ṣá: Wolves rẹ̀ lọ na Liverpool ti Jürgen Klopp ní 2-1 ní Anfield nínú FA Cup ní oṣù Kìíní 2017. Stoke já bọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ní Premier League. Ipswich náà já bọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dé ìpele kẹta láti ọdún 1957. Ní oṣù Kejì 2019, ó padà sí Carrow Road pẹ̀lú aṣọ Ipswich lọ́rùn. Ìjà ṣẹlẹ̀ létí pápá, rẹfirí sì lé e jáde níwájú àwọn èèyàn tó ti fìgbà kan kọrin orúkọ rẹ̀. Norwich borí ní 3-0. Ipswich tún fún un ní àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, èyí tí mi ò lóye títí dòní, wọ́n sì pínyà ní oṣù Kejì 2021.

Ṣé ó ti darí ọmọ Nàìjíríà kankan rí?

Ó darí Gabriel Agbonlahor ní Villa, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹ̀ngíláǹdì ló gbá bọ́ọ̀lù fún. Ní Wolves, ó bá Dominic Iorfa níbẹ̀ lápá ọ̀tún ẹ̀yìn. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí bọ́ọ̀lù máa mọ orúkọ yẹn: Dominic Iorfa tó jẹ́ bàbá rẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles.